Obìnrin Tó Dúdú Ju Pẹ́ńsù Lọ

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ahun ni Onípẹ́ńsù kọ́kọ́ pe ọkùnrin náà nínú ọkàn rẹ̀. Ta ni kò ní pè é bẹ́ẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù tí ọmọbìnrin yìí ti ń tajà kún fún gbogbo ohun tí ayàwòrán lè fẹ́, bébà tó nípọn, ọ̀dà oríṣiríṣi, búrọ́ọ̀ṣì ńlá àti kékeré, àti àwọn pẹ́ńsù olówó gọbọi tí wọ́n tò sínú páànù pẹlẹbẹ, láti orí èyí tó le jù títí dé orí èyí tó rọ̀ jù tó sì dú jù. Torí àwọn pẹ́ńsù yẹn ni àwọn oníbàárà ṣe ń pè é ní Onípẹ́ńsù. Gbogbo ìyẹn ni ọkùnrin yìí máa ń gbójú fò dá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Yóò lọ tààrà sí ibi ife tí wọ́n kó pẹ́ńsù ọmọ iléèwé sí, yóò mú ẹyọ kan ṣoṣo, yóò sì dúpẹ́ bí ẹni tó ra mọ́tò.

Nígbà kẹrin tó wá, ara ọmọbìnrin náà kò gbà á mọ́.

“Ọ̀gá, ẹyọ kan náà? Ẹ kì í ṣe ọmọ iléèwé mọ́ o.”

“Tíṣà wọn ni mí,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Mò ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, mo máa ń ya ojú àwọn èèyàn.”

“Pẹ́ńsù yìí náà lẹ fi ń ya ojú ọmọ ọlọ́mọ?”

“Ẹ fún mi ní bébà, kẹ́ ẹ sì jókòó.”

Onípẹ́ńsù fa bébà ìdìjà kan lé e lọ́wọ́. Kí oníbàárà kan tó parí yíyan ọ̀dà, ọkùnrin náà ti ya orí, ó ti ya ọrùn. Lójijì, pẹ́ńsù náà dún kẹ̀rẹ̀, ó sì ha bébà lábẹ́ ojú. Onípẹ́ńsù kígbe.

“Yéè! Ó ti bàjẹ́.”

“Kò bàjẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú irú wọn. Tó bá ha ìwé, màá sọ ibẹ̀ di nǹkan.”

Ó fa ìlà kékeré méjì mọ́ ọn, ibẹ̀ sì di ìṣẹ́po bíńtín tó máa ń wà lábẹ́ ojú ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Onípẹ́ńsù wo àwòrán náà, ara rẹ̀ tutù. Lóòótọ́ ló ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti wọlé. Ojú tì í pé ó rí i.

“Ọwọ́ ni,” ni ọkùnrin náà wí, ó fi pẹ́ńsù há etí. “Kì í ṣe pẹ́ńsù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọmọbìnrin náà nínú. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gan-an ló máa dá ẹjọ́ sí àwọn lọ́rùn.

Kí ọdún tó yípo, ẹni bá rí ọ̀kan ti rí èkejì. Onípẹ́ńsù ló sọ ọ́ ní Kùkùté, torí pé ó máa ń lo pẹ́ńsù títí yóò fi kù bíńtín, tó jẹ́ pé èékánná ló máa ń fi dì í mú. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ ìbí Kùkùté, ọmọbìnrin náà ra páànù pẹ́ńsù tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù fún un. Kùkùté fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́ dúpẹ́, ó wò ó títí, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

“O ò ní dán an wò ni?”

“Mò ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ńlá.”

Onípẹ́ńsù gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ni kò ní kọ ẹ̀bùn ẹni, àbí? Ṣùgbọ́n ọjọ́ ńlá wá, ọjọ́ ńlá lọ, páànù náà kò kúrò níbẹ̀. Tó bá sì dórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ohùn kan náà ni: “Jẹ́ kí n rí yàrá tó tóbi ju èyí lọ ná. Jẹ́ kí ọwọ́ mi tẹ nǹkan ná.” “Ná” yẹn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju itọ́ lọ. Nígbà tó sú ọmọbìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Iṣẹ́ pẹ́ńsù náà ni Bàbá ṣe jẹun. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ya pílàánù ilé ní ọ́fíìsì kó tó fẹ̀yìntì. Títí dòní, tábìlì ìyàwòrán rẹ̀ wà ní pálọ̀, rúlà àti pẹ́ńsù rẹ̀ wà lórí aṣọ mímọ́ kan, ó sì máa ń nù wọ́n láràárọ̀ bí ẹni pé ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Onípẹ́ńsù nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá kò fẹ́ ẹlòmíràn. Òun ló ń dirun fún ọmọ náà, òun ló ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Onípẹ́ńsù fi ti pinnu látọjọ́ pípẹ́ pé tí bàbá òun kò bá fọwọ́ sí i, òun ò ní lọ sílé ọkọ kankan.

Kùkùté wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Àfi bó ṣe rí àwọn pẹ́ńsù orí aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ ṣì ń tọ́jú àwọn wọ̀nyí? Èmi, mo máa ń sọ pé ọwọ́ ni, kì í ṣe pẹ́ńsù.”

Háà! Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Bàbá fún un lómi mu, ó bá a sọ̀rọ̀ òjò, ó sìn ín dé ẹnu géètì. Ìgbà tó padà wọlé ló tó sọ tirẹ̀.

“Ọmọ mi, kì í ṣe torí pé kò lówó. Èmi gan-an, owó dà? Ọkùnrin tí kò mọ ohun tí òun ò ní, n ò lè fọmọ fún un.”

“Bàbá mi, ẹ ò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀.”

“Mo ti rí ẹnu rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ wá di ti alárinà. Ta ni wọn ì bá tún sá tọ̀ bí kò ṣe Àǹtí Aránṣọ, àbúrò Bàbá lóbìnrin? Obìnrin yìí kì í dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń rán aṣọ ló ń gbọ́ ẹjọ́, abẹ́rẹ́ méjì wà láàárín ètè rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi le, àmọ́ kì í ṣe òkúta,” ló wí. “Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kùkùté, lọ ya ìyàwó rẹ̀ fún un.”

“Èyí tó ti kú, mà?”

“Òun náà ni. Láti ọdún tó kú yẹn, tí òrùlé wọn jò, tí omi wọnú àpótí, kò sí fọ́tò obìnrin yẹn kan nílé mọ́. O rò pé ẹ̀gbọ́n mi lè kọ ìyẹn?”

Fọ́tò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, páásípọ́ọ̀tù kékeré tí omi ti kàn, tó wà nínú pọ́ọ̀sì Onípẹ́ńsù. Láti kékeré ló ti máa ń wò ó kó tó jáde nílé. Ó gbé e fún Kùkùté. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ló fi jókòó tì í nínú yàrá rẹ̀, tó ń ṣàlàyé: eji iwájú eyín, etí tó kéré, bí ìyá òun ṣe máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kùkùté ń yà, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un yà. Nígbà tó parí, Onípẹ́ńsù bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ló ń wò ó yẹn.

Àǹtí Aránṣọ yà wá wò ó. “Ó jọ ọ́,” ló wí. “Ó jọ ọ́ gan-an ni.” Ó tún wò ó. “Nǹkan kan ṣáà wà níbẹ̀ tí n ò lè tọ́ka sí.”

“Àǹtí, ẹ̀yin náà!” ni Onípẹ́ńsù wí, wọ́n sì fi ẹ̀rín gbé e kúrò nílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwòrán náà lọ, Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì ìyàwòrán, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ó gbójú sókè.

“Ta nìyí?”

Onípẹ́ńsù sún mọ́ tábìlì. “Ìyá mi ni, Bàbá.”

“Mo rí eji rẹ̀. Mo rí bó ṣe ń tẹ orí, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ jà mí níyàn. Ọmọkùnrin, ọwọ́ rẹ dáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọ.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Àmọ́ obìnrin pupa nìyí. Adúmáadán ni mò ń pe ìyàwó tèmi, mi ò kàn fi pọ́n ọn lásán. Ó dú. Àwọn ẹbí mi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, èmi fi ń ṣe fáàrí. O ti bó o láwọ̀.”

“Bàbá, pẹ́ńsù ni, sà,” ni Kùkùté wí wúyẹ́wúyẹ́. “Kò lè dú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù, yóò kàn máa dán ni.”

“Pẹ́ńsù ni? Mo rò pé ọwọ́ ni.” Bàbá yí àwòrán náà sí ojú fèrèsé, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú rẹ̀ sì ń kọ yànràn. “Dídán rẹ̀ rèé. Dúdú rẹ̀ dà?”

“Gbogbo ẹni tó rí i ló ní ó dáa.”

“Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ níyàwó nínú wọn.”

Kùkùté dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ tó fi dágbére kò délẹ̀ rárá. Ó jáde, ó sì fi àwòrán sílẹ̀ níbẹ̀.

Onípẹ́ńsù kò tẹ̀ lé e. Ohun mìíràn ló gbà á lọ́kàn. Ó yọ páásípọ́ọ̀tù inú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Omi ló sọ ojú yẹn di pupa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń wo ibi tí omi bàjẹ́ tó ń pè é ní ìyá rẹ̀, títí tó fi gbàgbé bí ẹni tó gbé e pọ̀n ṣe rí. Kùkùté kò mọ obìnrin náà rí, a lè dárí jì í. Òun ńkọ́? Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Kùkùté ti dé láti iléèwé tó ti ń kọ́ni, ó lọ bá a nílé. Kò kí i. Ó gun àga, ó gbé páànù sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, kò tíì ya.

“Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin,” ló wí. “Ọjọ́ ńlá wo lò ń tọ́jú rẹ̀ dè? Ṣé ọjọ́ tó o lọ tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi kò tóbi tó ni?”

“Má bínú.”

“Mò ń bínú. O jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyá mi fún ọ fún odidi Sátidé mẹ́rin, nígbà tí pẹ́ńsù tó lè dú tó ìyá mi wà lókè orí wa!”

Kùkùté jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù lára igi wẹ́wẹ́?”

“Èyí tí mò ń lò yìí, tí àwòrán bá dáa, wọ́n á ní, ‘Ẹ wo ohun tó fi pẹ́ńsù yẹpẹrẹ ṣe!’ Tí kò bá dáa, wọ́n á ní pẹ́ńsù ni. Tí mo bá wá gbẹ́ ẹnu ìwọ̀nyí, tí àwòrán kò sì dáa, ta ni n ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù?”

Òótọ́ korò, ó sì ba ọmọbìnrin náà nínú jẹ́ torí pé ó ti ń fura sí i látọjọ́ yìí. Ó rántí gbogbo “ná” tó ti gbọ́. Yàrá kéré ná. Ọwọ́ kò tíì tẹ nǹkan ná. Tí ọkùnrin yìí bá gbé e níyàwó, tí ilé wọn kò sì dùn, ta ló máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù?

“Kùkùté,” ló wí, “ṣé èmi náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni?”

Ọkùnrin náà kò lè dáhùn.

“Lọ́jọ́ tó o bá gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wá wá mi. Tó ò bá gbẹ́ ẹ, má wá.” Ó gbé páànù náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sẹ́ni tó wá ra pẹ́ńsù ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá dún ni ọrùn Onípẹ́ńsù máa ń yí. Ó ń bá ara rẹ̀ jà. Irú obìnrin wo ló ń fi pẹ́ńsù lé ọkọ lọ? Ṣé ó le jù ni? Ẹlòmíràn á ní ọkùnrin òun ń mutí, ọkùnrin òun ń lù ú. Òun rèé, òun kọ tòun torí kò gbẹ́ pẹ́ńsù! Ṣùgbọ́n tó bá tún rántí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Kùkùté lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ọkàn rẹ̀ á le padà.

Àǹtí Aránṣọ kò lè mú un mọ́ra. Ó lọ yọjú sí Kùkùté nílé, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù wá.

“Ọmọ yìí, mo débẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dú dé ìgbọ̀nwọ́. Bébà tó ti bàjẹ́ kún ilẹ̀ débi pé n ò rí ibi gbẹ́sẹ̀ sí. Ó ní pẹ́ńsù yẹn rọ̀ jù, pé ó ń fọ́, ó ń yí, ó ń sọ ojú èèyàn di èédú. Ó ní òun ò mọ àwòrán yà mọ́.”

“Ó gbẹ́ ẹ?” Ohun tí Onípẹ́ńsù gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

“Ó gbẹ́ ẹ, ó sì ń sunkún lé e lórí. Mo ní kó fara balẹ̀. Nígbà tí èmi kúrò lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sórí oníná, ṣé o rò pé aṣọ ni mo kọ́kọ́ rán? Ìka mi ni!”

Onípẹ́ńsù rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú. Inú rẹ̀ dùn pé ó gbẹ́ ẹ. Ẹ̀rù sì ń bà á pé ọwọ́ tó fi fẹ́ràn ọkùnrin náà lè má padà wá mọ́, òun ló sì fà á.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ lọ́sàn-án, ló bá gbọ́ ariwo láti ẹnu géètì wọn. Ohùn Bàbá ni.

“Ó dú ju bẹ́ẹ̀ lọ! Fi kún un, má bẹ̀rù!”

Ó sáré wọlé. Bàbá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ síwájú lórí tábìlì ìyàwòrán, Kùkùté dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ́ńsù dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wọlé.

“Má tẹ̀ ẹ́,” ni Bàbá ń wí. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fi ọwọ́ fúyẹ́, lé e lórí ara wọn, lé e, lé e. Ó dáa. Níbi imú yẹn, fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rí ibi jókòó sí.”

“Àgbọ̀n ńkọ́, sà?”

“Àgbọ̀n dú ju iwájú orí lọ. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé, ṣé mo ti sọ fún ọ? Ó wá sí ọ́fíìsì wa wá gba pílàánù ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tẹ orí báyìí, ó ní, ‘Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya èyí, ṣé ẹ ti sùn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé ìgbẹ́ rí?’ Mo tún un yà. Mo sì tẹ̀ lé e délé.”

Onípẹ́ńsù fi ẹ̀yìn ti ògiri. Yàtọ̀ sí ọjọ́ tó kọ àwòrán yẹn, láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ sọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ìyá rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀: Kùkùté ló wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìyàwó rárá. “Bàbá, ẹ dákun,” ló wí. “Pẹ́ńsù tó lè dú wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ n ò mọ bí Màmá ṣe dú tó. Ẹ kọ́ mi.”

Bàbá gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀, ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún.

“Ọ̀rẹ́ rẹ kò gbọ́n tó bó ṣe rò,” ló wí, “àmọ́ ó ń gbọ́ ìbáwí. Èmi náà kò gbọ́n tó. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí pẹ́ńsù tó dára jù wà lọ́wọ́ mi, n kò fi ya ojú ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan rí. Ilé onílé ni mo fi ń yà. Mo ní dúdú náà, n kò ní ọwọ́ tó lè yà á.”

Kùkùté na pẹ́ńsù náà sí Onípẹ́ńsù kó rí ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé ìdajì.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta sí i ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ tó parí, Kùkùté gbé àwòrán náà lé orí àga tó kọjú sí ti Bàbá. Onípẹ́ńsù wò ó, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, obìnrin dúdú tó máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tutù lé òun níwájú orí tí ibà bá mú òun. Ó ti gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn pátápátá. Ó di apá Kùkùté mú.

Bàbá jókòó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Kùkùté ti nawọ́ mú pẹ́ńsù.

“Bàbá, tí ibì kan bá ṣì kù, sà, mo lè…”

“Ẹ jáde, ẹ̀yin méjèèjì. Kí ẹ ti ilẹ̀kùn.”

“Ó tún bàjẹ́ ni, Bàbá?” ni Kùkùté bi í.

Bàbá kò yíjú kúrò lára àwòrán.

“Mo ní kẹ́ ẹ jáde,” ló wí. “Mo fẹ́ sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ.”